Agbára Ara, Ti Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Eré Ìdárayá àti Ìfọkànsìn nínú Bhakti-Yoga

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó. Hare Krishna. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo sì júbà àwọn àgbà tí wọ́n jókòó síwájú wa, nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ni a jókòó sí tí a fi kọ́ ìwọ̀nba tí a mọ̀.

Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí a ṣe ń da eré ìdárayá pọ̀ mọ́ ìsìn nínú bhakti-yoga. Bí àwọn ènìyàn bá ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àkókò ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe: wákàtí mélòó ni kí n fi ṣe eré ìdárayá, wákàtí mélòó ni kí n fi ké orúkọ Ọlọ́run? Ìbéèrè náà dára, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú rẹ̀, òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Agbára tí ẹ ń wá yẹn, ti ta ni? Nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá le, tí èémí yín bá gùn, tí ẹ̀yìn kò bá dùn yín mọ́, iṣẹ́ ta ni ẹ ó fi wọ́n ṣe?

Ara kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀mí

Fún àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé mọ̀ sí yoga ni kí ènìyàn tẹ́ ẹní, kí ó na apá, kí ó ká ẹsẹ̀, kí ó sì máa mí kanlẹ̀. Apá kan ni ìyẹn, asana ni wọ́n ń pè é ní Íńdíà. Bhakti-yoga ni ọ̀nà ìfẹ́: kí ènìyàn so ayé rẹ̀ mọ́ Ọlọ́run nípa gbígbọ́ ìtàn Rẹ̀, kíkọrin orúkọ Rẹ̀, rírántí Rẹ̀, wíwólẹ̀ fún Un, àti ṣíṣe iṣẹ́ Rẹ̀ bí ìránṣẹ́ ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọ̀gá tí ó fẹ́ràn.

Bhagavad Gita, ìwé tí ó ní orí 18 àti ẹsẹ 700, kò ya ọ̀nà méjèèjì nípá. Ní orí 6, Krishna, Ọlọ́run tí a ń sìn, ń kọ́ Arjuna, jagunjagun tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Rẹ̀, bí a ṣe ń jókòó ṣe àṣàrò. Ó ní kí ó wá ibi tí ó mọ́, kí ó tẹ́ koríko kusha, kí ó tẹ́ awọ àgbọ̀nrín àti aṣọ lé e, kí ìjókòó náà má ga jù, kí ó má sì lọ sílẹ̀ jù, kí ara, ọrùn àti orí rẹ̀ wà lóòró gangan. Ẹ wo bí Ó ṣe fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọrùn àti ẹ̀yìn ènìyàn! Arjuna fèsì pé ọkàn òun kì í dúró lójú kan, pé àtimú un le bí àtimú afẹ́fẹ́. Krishna kò jà á níyàn. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pé àṣetúnṣe àti àìso ọkàn mọ́ ohun ayé ni a fi ń mú un. Nígbà tí orí náà yóò sì fi parí, ní ẹsẹ 47, Ó ní nínú gbogbo àwọn tí ń ṣe yoga, ẹni tí ó fi ìgbàgbọ́ sin Òun, tí ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Òun, ni ó súnmọ́ Òun jù lọ. Orí kan náà tí ó kọ́ wa bí a ṣe ń na ẹ̀yìn ni ó parí sórí ìfẹ́.

Síbẹ̀, àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n máa ń sọ pé, "Èmi kì í ṣe ara yìí, ẹ̀mí ni mí," tí wọ́n á sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà títí ẹ̀jẹ̀ ríru yóò fi wọlé dé. Òótọ́ ni pé ẹ̀mí ni wá. Gita ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orí 17, ìwé yìí kan náà bá àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ ara wọn lórúkọ ìsìn wí kíkankíkan, Krishna sì sọ pé Òun tí Òun ń gbé inú ara náà ni wọ́n ń fìyà jẹ. Lójú tèmi, ẹni tí ó pa ara rẹ̀ tì fún ogún ọdún kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tí ó nà án ní pàṣán. Àwọn kejì sì wà, àwọn tí wọ́n ń fi òwúrọ̀ àti alẹ́ bọ ara bí ẹni ń bọ òrìṣà, tí wọ́n mọ iye kílò tí wọ́n gbé lánàá, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jókòó síwájú Ọlọ́run. Bí àwọn àkọ́kọ́ ṣe ṣìnà ni àwọn yìí náà ṣìnà.

Ta ni ó wá ṣe é tí ó tọ́? Bhagavata Purana, ìwé ìtàn mímọ́ wa kan, sọ ìtàn ọba kan tí ń jẹ́ Ambarisha. Ó fi ọkàn rẹ̀ sí ẹsẹ̀ Krishna. Ó fi ẹnu ròyìn Rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá tẹ́ḿpìlì Rẹ̀, ó fi etí gbọ́ ìtàn Rẹ̀, ó fi ojú wo ère Rẹ̀. Ó fi imú gbóòórùn tulsi tí a fi bọ Ọ́ (tulsi yìí, ẹbí efinrin wa ni), ó fi ahọ́n tọ́ oúnjẹ tí a ti gbé síwájú Rẹ̀ wò, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi mímọ́, ó sì fi orí kanlẹ̀ fún Un. Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yà ara wo ni ó ṣẹ́kù? Ọba ni Ambarisha, ó ní ẹni tí ó lè rán, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó mú ìgbálẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbá àgbàlá ńlá rí mọ̀ pé ìbàdí, apá àti ẹ̀yìn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ta ni yóò wá dúró ti ọba yìí tí yóò máa sọ ibi tí ìdárayá ti parí àti ibi tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀?

Hanuman àti agbo ìjàkadì

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìhà àríwá Íńdíà. Ibẹ̀ ni àwọn agbo ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní akhara wà. Àwa náà ní gídígbò tiwa, nítorí náà ẹ ó tètè mọ ohun tí mo ń sọ. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á kún un ní erùpẹ̀ tí ó rọ̀, wọ́n á po àtalẹ̀ pupa àti òróró mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń dé. Ère tàbí àwòrán Hanuman, ọ̀bọ alágbára tí ó jẹ́ ìránṣẹ́ Rama, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo náà. Wọ́n á kọ́kọ́ júbà rẹ̀, wọ́n á bu erùpẹ̀ kan orí, lẹ́yìn náà ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní dand ni kí ènìyàn fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ó gbé ìdí sókè, kí ó fi àyà rá sílẹ̀, kí ó sì tún gbé ara dìde. Baithak ni kí ó lóṣòó kí ó sì dìde, kí ó tún lóṣòó kí ó sì tún dìde. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni àwọn ògbóǹtarìgì ń ṣe é láàárọ̀ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró nínú agbo náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọtí, kí ó pa ara rẹ̀ mọ́, kí ó sì kó ojú àti ọkàn rẹ̀ ní ìjánu.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ Hanuman? Kí ni ó dé tí wọn kò fi ya àwòrán jagunjagun mìíràn sí ibẹ̀? Ẹ gbọ́ ìtàn. Ọba burúkú kan tí ń jẹ́ Ravana jí Sita gbé lọ sí erékùṣù Lanka. Aya Rama ni Sita, Rama sì ni Ọlọ́run tí ó wá sáyé ní àwọ̀ ènìyàn. Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ń bá Rama wá a dé etí òkun, omi náà sì gbòòrò tó 100 yojana, ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn ní Íńdíà àtijọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí agbára olúkúlùkù mọ. Ẹnìkan ní òun lè fo díẹ̀, ẹlòmíràn ní òun lè fo jù bẹ́ẹ̀ lọ, Angada ní òun lè dé òdìkejì ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bóyá òun lè padà. Hanuman jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò fọhùn. Jambavan, tí ó jẹ́ àgbà láàrin wọn, ni ó yíjú sí i tí ó sì rán an létí ẹni tí ó jẹ́ àti agbára tí ó wà nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni Hanuman dìde, tí ara rẹ̀ ń ga sí i, tí ó sì fò.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Agbára náà ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́, kò sì fi í yangàn. Ọjọ́ tí iṣẹ́ Rama dé ni ó lò ó. Nígbà tí gbogbo ogun parí, tí Rama sì ń pín ẹ̀bùn, ohun tí Hanuman tọrọ ni kí ẹ̀mí òun gùn níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń sọ ìtàn Rama láyé. Ìdí nìyí tí àwọn oníjàkadì fi ń kí i kí wọ́n tó fọwọ́ kan ara wọn: wọ́n ń rán ara wọn létí pé iṣan tí wọ́n ń kọ́ yìí, iṣan ìránṣẹ́ ni.

Àwọn olùkọ́ ìgbà tiwa náà rí i bẹ́ẹ̀. Swami Vivekananda, tí wọ́n bí ní 1863, kọ́ ìjàkadì àti eré ìdárayá nígbà èwe rẹ̀ ní Calcutta. Nígbà tí ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní Madras ní 1897, ó sọ fún wọn pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá yóò mú wọn súnmọ́ ọ̀run ju kíka Gita lọ, ó sì ní bí iṣan apá wọn bá le sí i, Gita yóò túbọ̀ yé wọn. Àwọn kan fẹ́ràn láti mú ìdajì àkọ́kọ́ kí wọ́n sì ju ìdajì kejì nù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere: kí Gita lè yé wọn ni ó ṣe fẹ́ kí wọ́n lágbára. Bákan náà ni Krishnamacharya, tí ó gbé ayé láti 1888 sí 1989, tí ó kọ́ àwọn ènìyàn ní asana ní ààfin Mysore ní àwọn ọdún 1930. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, B. K. S. Iyengar àti Pattabhi Jois, wà lára àwọn tí wọ́n gbé asana káàkiri ayé. Olùfọkànsìn Vishnu, Ọlọ́run kan náà tí a ń pè ní Krishna, ni ọkùnrin yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹní ìdárayá kò mọ Ọlọ́run rí.

Ìrìn Pandharpur

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù lọ ni mo dé yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Pandharpur, níbi tí a ti ń sin Krishna ní orúkọ Vithoba. Ère náà dúró lórí bíríkì kan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Wọ́n ní nígbà tí Ọlọ́run wá bẹ ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Pundalik wò, ó ń tọ́jú bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Kò dá iṣẹ́ náà dúró. Ó ju bíríkì kan sí ìta pé kí àlejò náà dúró lé e títí òun yóò fi ṣe tán. Ọlọ́run sì dúró. Wọ́n ní Ó ṣì dúró síbẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìyá yín tí ó ti darúgbó láti orí ibùsùn sí orí àga láràárọ̀, tí ẹ ń wẹ̀ fún un, ẹ gbọ́ ìtàn yìí dáadáa, nítorí pé iṣẹ́ ara tí ẹ ń ṣe yẹn ni Ọlọ́run dúró wò.

Lọ́dọọdún, ní àsìkò òjò, láàrin oṣù kẹfà àti oṣù keje, àwọn tí wọ́n ń pè ní Warkari máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Pandharpur. Àwọn kan gbéra láti Alandi pẹ̀lú bàtà Dnyaneshwar, ẹni mímọ́ tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan gbéra láti Dehu pẹ̀lú bàtà Tukaram, akéwì ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Orí àga ọlọ́wọ̀ tí wọ́n ń pè ní palkhi ni wọ́n ń gbé bàtà náà sí. Ìrìn náà ju 200 kìlómítà lọ, ó sì ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni: àgbẹ̀, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n gbé ìkòkò tulsi rù, láti ìlú kan dé òmíràn, nínú ẹrẹ̀ àti òjò.

Báwo ni ẹni ọdún 70 ṣe ń rìn ju 200 kìlómítà? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń rìn, dindi ni orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ní àyè tirẹ̀ nínú ìlà. Wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń lu ṣaworo ọlọ́wọ́ méjì, wọ́n ń kọ orin tí àwọn ẹni mímọ́ wọn kọ, ẹsẹ̀ sì ń bọ́ sí ojú ìlù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí wọ́n bá dé pápá kan, wọn yóò dá agbo ńlá, ẹṣin yóò sáré yí i ká, àwọn ènìyàn náà yóò sáré. Àwọn méjì méjì yóò di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn yóò máa pòòyì títí aṣọ yóò fi máa fẹ́ lẹ́lẹ́. Olówó á wólẹ̀ fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ tálákà, tálákà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún olówó. Ní gbogbo ọ̀nà náà, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé eré ìdárayá ni òun ń ṣe. Ọ̀dọ̀ Vithoba ni òun ń lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ ro èyí dáadáa. Ẹni tí ó ń rìn kí ó lè fọn, yóò dúró ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ní ẹni tí ó ń lọ bá yóò sinmi, yóò sì tún dìde. Ohun tí ó ń gbé ẹsẹ̀ àwọn ìyá àgbà wọ̀nyẹn ni ìfẹ́, ìfẹ́ náà sì ń fún wọn ní ara tí ó le ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìgboro lọ.

Orin, ijó àti ìrìn òwúrọ̀

Ní ti ijó, èmi kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé Yorùbá kì í ṣe ẹni tí a ń kọ́ pé a lè fi ara yin Ọlọ́run. Kí n kàn rán yín létí Chaitanya, tí wọ́n bí ní Nabadwip ní Bengal ní 1486. Nígbà ọdún kẹ̀kẹ́ ńlá ní ìlú Puri, ó pín àwọn akọrin sí ẹgbẹ́ méje, ìlù 14 láàrin wọn, òun náà sì jó níwájú kẹ̀kẹ́ Jagannatha, orúkọ tí wọ́n ń pe Krishna ní Puri, títí òógùn fi bò ó. Ẹni tí ó bá ti jó sí kirtan, orin orúkọ Ọlọ́run tí a jọ ń kọ, fún wákàtí kan gbáko mọ̀ bí ọkàn àyà ṣe ń lù.

A. C. Bhaktivedanta Swami Prabhupada, tí ó mú kíké orúkọ Krishna dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 69 nígbà tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù láti Calcutta lọ sí Amẹ́ríkà ní 1965. Àrùn ọkàn kọ lù ú lẹ́ẹ̀mejì lórí omi. Ó gúnlẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní New York ní oṣù keje 1966. Ní gbogbo ọdún tí ó tẹ̀lé e, títí àìsàn fi dá a dúró ṣáájú ikú rẹ̀ ní 1977, ìrìn òwúrọ̀ jẹ́ ara ìgbé ayé rẹ̀ ní ìlú tí ó bá dé. Ó ń rìn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń bá a rìn, wọ́n ń bi í léèrè, ó ń dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í kúrò lórí Krishna.

Bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò tí mo ṣèlérí. Gita, orí 6, ẹsẹ 16 àti 17: yoga kò sí fún ẹni tí ó ń jẹun jù tàbí tí kò jẹun rárá, kò sí fún ẹni tí ó ń sùn jù tàbí tí kò sùn. Oúnjẹ, eré, iṣẹ́, oorun àti ìjí, kí gbogbo rẹ̀ wà níwọ̀n. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 eré ìdárayá tí kò le jù lọ́sẹ̀. Bí a bá pín in, ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún ni.

Ní ti orúkọ Ọlọ́run, àwọn tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ́ láàrin wa ń ka ìlẹ̀kẹ̀ 108 yípo lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, ó sì ń gba nǹkan bí wákàtí méjì. Àwọn kan bi mí pé ṣé wọ́n lè máa kà á bí wọ́n bá ń sáré. Ìdáhùn mi ni pé ẹ lè máa rìn jẹ́jẹ́ kà á, pàápàá bí oorun bá ń kùn yín. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti le débi pé ẹ kò gbọ́ orúkọ tí ẹnu yín ń pè mọ́, eré ni ẹ ń sá, ẹ kò ké orúkọ. Ẹ kọrin nínú ọkàn nígbà náà, kí ẹ sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá jókòó.

Ẹ jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ wẹ̀, ẹ wólẹ̀ gbọọrọ níwájú pẹpẹ, gbogbo ara ní ilẹ̀. Ẹ na ẹ̀yìn, itan àti orúnkún fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó jókòó, nítorí pé orúnkún tí ó ń dunni kì í jẹ́ kí ọkàn dúró. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Krishna, tìrẹ ni agbára yìí." Ẹ ké orúkọ náà jẹ́jẹ́. Ní 2001, àwọn olùwádìí ní Ítálì rí i pé nígbà tí àwọn ènìyàn ń ka àdúrà tẹ̀súbáà ti Kátólíìkì tàbí mantra yoga kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ mímọ́ tí a ń kà léraléra, èémí wọn ń lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ ọkàn àyà wọn sì ń tò dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jáde lọ rìn. Ẹ má fi ìwọra bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin àgbà tí orúnkún yín kò gba ilẹ̀ mọ́, àga kì í ṣe èèwọ̀, ẹ kàn jẹ́ kí ẹ̀yìn wà lóòró. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, ẹ má ṣe di èémí pa nítorí pé ẹ rí ẹnìkan tí ó ń ṣe é. Ẹ lọ rí dókítà yín ná. Ní ọjọ́ Ekadashi tí a ń gbààwẹ̀, ẹ fi iṣẹ́ ara tí ó le sílẹ̀, kí ẹ sì fi agbára yín gbọ́ ìtàn Ọlọ́run. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ara yín yá, tẹ́ḿpìlì nílò ẹni tí yóò gbé omi, tí yóò gbá àgbàlá, tí yóò sì gbé ìkòkò oúnjẹ ọjọ́ Àìkú. Orúkọ yín ni mo fẹ́ rí lórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó lọ lónìí.

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín fún sùúrù yín. Mo rí i pé àwọn onílù ti ń so ìlù wọn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá lè dìde dìde.